Ọkọ̀ Òfurufú Tí Wọn Kì Í Kùn

Irọ́ tí mo ti pa láyé mi pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló mú iṣẹ́ wá bá mi nílé. Mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì mí ní Kabba pé ọdún méje ni mo fi kun ọkọ̀ òfurufú ní Kàdúná nígbà tí mo ṣì lágbára. Òótọ́ ni pé mo gbé Kàdúná. Òótọ́ ni pé mo ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Koríko ni mo ń gé níbẹ̀, fún oṣù mẹ́rin, kí n tó kúrò lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́rin náà ń pọ̀ sí i tí koríko sì ń dín kù, títí kò fi sí koríko mọ́ nínú ìtàn náà.

Ọ̀dà mọ́tò ni iṣẹ́ mi gan-an, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, mo ka ìkẹrin lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà mo máa ń kà á sí márùn-ún. Ṣùgbọ́n tó bá di ká fín ọ̀dà sára irin, kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè bá mi dù ú. Mo kun ọkọ̀ akẹ́rù kan nígbà kan tó dán débi pé àkùkọ kan rí ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì bá a jà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Èyí tó wà nínú ilẹ̀kùn náà jókòó. Ẹni tó ni àkùkọ wá bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ fi pépà ha ilẹ̀kùn náà kí adìyẹ òun lè ráyè jẹun. Mo sọ èyí fún àwọn kan láti Ògìdì tó wá gbé àga tí mo bá wọn kùn, wọ́n ní rárá o, àgbò ni, pé èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́dún tó kọjá. Mo ní àwọn méjèèjì ni, àgbò ló kọ́kọ́ dé.

Ní báyìí mo ti fi ọkọ̀ ńlá sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi kò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Àga, géètì, táǹkì ọ̀kadà, ìwọ̀nyẹn ni mo ń kùn lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé mi.

Abẹ́ àtíbàbà yìí ni ẹ̀gbọ́n ará Mopa kan ti bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Òun fi iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jẹun ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tú ẹ́ńjìnnì wọn palẹ̀ tó sì ń tò ó padà, kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ó gbé páálí kan dání lọ́wọ́ kejì.

"Òkun o," ni ọkùnrin náà fi kí mi.

"Òkun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi bá mi.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní o kun ọkọ̀ òfurufú rí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Irú èwo?"

Mo rántí èyí tí mo máa ń gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èyí tó ń dán nì. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ó sì máa ń jókòó lórí ìdí bí ajá bó bá ti balẹ̀."

"O kùn ún."

"Mo kùn ún dáadáa. Sílífà. Ìpele mẹ́ta."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má ṣubú. "Màmá, ṣé o gbọ́? Ó kun èyí tí wọn kì í kùn! Àbúrò, páànù lásán ló wà lára ọkọ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ló ṣe ń fò. A máa ń nù ún ni. Ọ̀dà kò kàn án."

Ẹlòmíràn ì bá ti tọrọ gáfárà. Èmi ní, "Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ náà ṣe dára tó. Ẹ sún mọ́ ọn lójoojúmọ́, ẹ ò sì mọ̀ pé mo kùn ún."

"Irú rẹ ni mo ń wá," ó wí. "Òpùrọ́ tó lè fi ọ̀dà purọ́."

Màmá ṣí páálí náà. Ọkọ̀ yẹn gan-an ló wà nínú rẹ̀, oníke, kò gùn ju láti ìgúnpá mi dé orí ìka lọ. Ọmọ wọn tó wà nílùú òyìnbó ló fi í ránṣẹ́ ní wẹ́wẹ́, ẹ̀gbọ́n sì fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ló fi tò ó, kì í ṣe ojú. Mo fi èékánná wá ibi tó ti lẹ apá kan mọ́ èkejì, n kò rí i. Àwọ̀ eérú ni gbogbo rẹ̀.

"Ojú mi ń lọ," ó wí, bí ẹni ń sọ pé òun ń lọ sí ọjà. "Dókítà ojú ní ẹ̀gbẹ́ ni àìsàn náà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Bí mo ṣe dúró yìí, bí ẹni ń wo ìta láti inú páìpù ni. Ó ní kí n má gbójú lé e kọjá òjò tó ń bọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oòrùn, bó ṣe máa ń rí bí a bá nù ún tán láàárọ̀. Mi ò bẹ̀ ọ́ ju ìyẹn lọ. Bó bá dà bíi géètì, má wulẹ̀ gbé e wá."

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn: kí n kun ike títí yóò fi dà bí irin tí ẹnikẹ́ni kò kùn, kí ojú tó fẹ́ rí i tó di.

Sílífà mọ́tò ni mo ní nílé. Mo fín in sára ṣíbí oníke kan láti fi dán an wò, mo gbé e sínú oòrùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn da iyọ̀ sára ṣíbí. Hóró fàdákà tó wà nínú ọ̀dà yẹn, bó bá wà lára mọ́tò, ojú kì í rí i. Lára ohun tí kò gùn ju apá lọ, hóró kọ̀ọ̀kan a máa tóbi bí òkúta. Bí kòkòrò bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bó kó tó rí ilẹ̀kùn.

Mo bá gbé agolo náà kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, n kò rú u, kí àwọn hóró ńlá lè rì. Mo fi ṣíbí bu ojú rẹ̀ nìkan, mo sì fi gèlè àtijọ́ ìyàwó mi kan tó fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Ìyàwó mi ní gèlè náà kì í ṣe àtijọ́. Ìjà yẹn gba odidi ọjọ́ kan, n kò kà á mọ́ iṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe sílífà ló ń dán. Dúdú abẹ́ rẹ̀ ni. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kun ọkọ̀ náà ní dúdú, dúdú tí o lè dúró níwájú rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàá tó fín sílífà lé e, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èémí lára gíláàsì. Bó bá nípọn, géètì lo kùn yẹn. Bó bá fẹ́lẹ́, dúdú náà á máa ti abẹ́ wo ìta, ojú á sì gbà pé irin ni. Ẹ́ńjìnnì fíríìjì àlòkù ni mo fi ń fún gọ́ọ̀nù kékeré tí mo fi ń fín ọ̀dà ní atẹ́gùn; ariwo rẹ̀ kò ju ti ológbò tó ń sùn lọ. Mo bu omi rin ilẹ̀ abẹ́ àtíbàbà kí erùku ọyẹ́ má baà dìde, mo fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì kun dúdú náà. Ó dán débi pé eṣinṣin kan bà lé e, ó yọ̀, ó ṣubú. Ojú mi ló ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ti ní òun fẹ́ fọwọ́ kàn án kí sílífà tó bò ó, kí òun lè mọ̀ bí ojú ìlẹ̀pọ̀ kan bá ṣì yọ gọngọ. Mo gbé e lọ sí Mopa, mo fi í sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta.

"Ó dà bí mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé òkú," ó wí.

"Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ lẹ ń wò, ẹ̀gbọ́n. Kò tíì múra."

Ọjọ́ kẹta pé, mo lọ gbé e. Màmá ti fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun. Mo gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì mo fín sílífà sí i. Ó bo gbogbo ara rẹ̀, mo sì ti ń yin ara mi sókè ketekete. Kí n tó gbé gọ́ọ̀nù kalẹ̀, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ó sá kúrò lójú kan, ó sá kúrò lójú kejì, ó sá kúrò lórí ìyẹ́. Ojú dúdú roboto roboto ló ṣẹ́ kù, bí làpálàpá lórí ọmọ ilé ìwé. Gbogbo ẹni tó bá fi ọ̀dà jẹun ló mọ ohun tó ń fa irú èyí. Epo ni. Mo kọ́kọ́ fura sí ẹ́ńjìnnì fíríìjì mi, mo tú u, mo nù ún, kò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo wá gbé ọkọ̀ náà sí imú. Òróró ólífì.

Mo wọ mọ́tò, ó di Mopa. Màmá wà lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Màmá, ta ló fi epo kan ọkọ̀ yìí?"

"Epo kọ́. Òróró àdúrà ni."

"Ọ̀dà kò mọ ìyàtọ̀, Màmá."

"Ẹ ṣọ́ ẹnu yín o, Bàbá. Àwa ìyá ìjọ la gbàdúrà sí i. Olúkúlùkù fi ìka kàn án."

"Mo mọ̀. Mo ti kà yín. Ẹ jẹ́ mẹ́jọ, ẹnì kan nínú yín sì fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kàn án lórí ìyẹ́ apá òsì."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyẹn á jẹ́ ìyá akọrin. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe." Ó tún mú ẹ̀gúsí kan, kò bó o. "Mo ti fi òróró náà kan ojú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ojú ń lọ síbẹ̀. Mo wá ní kí n fi kan ohun tó fẹ́ rí, bóyá ìyẹn á dúró dè é."

Mo jókòó, mo bá a bó ẹ̀gúsí díẹ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọkọ òun. Mo gbà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n béèrè ohun tó fa ìdádúró, mo sọ fún un pé ìjì kan wọ abẹ́ àtíbàbà mi, ó gbé ọkọ̀ náà fò gba orí ilé aládùúgbò kọjá, mo sì sáré tẹ̀ lé e dé ọ̀nà oko kí n tó mú un níbi tó ti ń múra láti balẹ̀.

"Ṣé ó fi ìdí balẹ̀?" ó béèrè.

"Bí ajá."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó ṣe nawọ́ sí ife omi tó wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọjá ife náà, ó sì padà wá a. Lóṣù tó ṣáájú, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ mọ́tò, tínà tó ń yọ́ ọ̀dà ni ǹ bá fi fọ̀ ọ́ láàárín wákàtí kan. Tínà á yọ́ ike. Nítorí náà, omi ọṣẹ àti pépà tó kúnná jù lọ ni mo fi ń ha á díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ìṣó kéékèèké tí wọ́n yà sára rẹ̀, tí orí wọn kò tó orí abẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ló gbà. Ìka mi bó débi pé, bí mo bá tẹ fóònù, fóònù kò mọ̀ pé èèyàn ni. Ẹ̀yìn náà ni mo tún kun dúdú, mo tún fín sílífà, ọ̀dà sì dúró síbi tí mo fi í sí. Ọyẹ́ ti lọ. Ooru ti mú, àwọn èèyàn sì ti ń kọ ebè sílẹ̀ de òjò.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n wò ó, ó mi orí.

"Ó dán," ó wí. "Abọ́ ìsebẹ̀ náà ń dán. Àbúrò, páànù kì í ní àwọ̀ kan. Wọ́n ń ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ni. Ọ̀kan á tàn, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣú díẹ̀, a ti yọ òmíràn kúrò fi tuntun sí i. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì á ti jóná díẹ̀ nítorí èéfín. Mú bírò."

Ó di ojú méjèèjì, ó gbé ọkọ̀ náà lé orí itan, ó sì ń fi ìka rìn lára rẹ̀ láti imú dé ìrù, páànù kan lẹ́yìn èkejì. Kò dúró ronú lẹ́ẹ̀kan. Mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn kan: kìíní ṣú, èkejì tàn, ìkẹta ṣú, apá ọ̀tún báyìí, apá òsì báyìí. Ìkọ̀wé mi kò dára, ẹ̀gbọ́n sì ń yára jù mí lọ.

Nílé, mo fi abẹ fá dúdú inú pẹ́ńsù, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè. Mo ń fi téèpù pààlà páànù kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi àkísà kíjìpá tó ti gbó rọra pa ìyẹ̀fun náà mọ́ èyí tó yẹ kó ṣú. Àkísà tuntun kò dára fún un, ó máa ń ha á. Bí mo bá ṣí téèpù, páànù méjì á dúró ti ara wọn, ọ̀dà kan náà ni, ṣùgbọ́n ojú á pín wọn níyà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ náà ni pé bí o bá fi ọwọ́ rá a, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ojú nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán ni mo gbé e dé Mopa. Kùrukùru òjò àkọ́kọ́ ti ń kóra jọ lọ́wọ́ ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì mú ní iwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n ti jókòó lórí àga níta. Màmá gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sókè síwájú rẹ̀, ó nawọ́ jìnnà kí òjìji tirẹ̀ má baà bò ó.

Ẹ̀gbọ́n ń wò ó. Ó ń gbé orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá nǹkan lára ògiri. Kò sọ̀rọ̀. Apá ti ń ro Màmá, kò gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń bi mí: ṣé ó rí i, àbí ó ti pẹ́ jù? Mo ti ní irọ́ kan ní ìmúrasílẹ̀ fún ìyẹn. Mo fẹ́ sọ pé àwọn tí ojú wọn bá rí ohun tó dára gan-an kì í lè sọ̀rọ̀, pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọba kan ní Kàdúná.

"Àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní kí èkejì tàn, kí ìkẹta ṣú. Èkejì lo mú ṣú."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo yọ ìwé ètò ìsìn náà látinú àpò, mo kà á. Mo yí i lódìkejì, mo tún un kà. Láti ìrù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka páànù lápá ọ̀hún. Láti imú ló ti ń kà. Ó ti mú mi, ojú rẹ̀ ló sì fi mú mi, torí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan ọkọ̀ náà.

"Òótọ́ lẹ sọ," mo wí. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nípa iṣẹ́ mi nìyẹn. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n yìn.

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn lójijì, ó gbé ọkọ̀ náà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi etí ìró rẹ̀ bojú.

"Ẹ mú un wá, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni. Màá nù ún kúrò, màá sì tún un ṣe."

Ó fa ọkọ̀ náà mọ́ra. "Ìwọ yìí? Ọjọ́ méjì rẹ, ìjì á gbé e lọ níbẹ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Àṣìṣe á wà lára rẹ̀."

"Mo ń rí àṣìṣe náà," ó wí. Ó yí ọkọ̀ náà díẹ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ lè gba ìmọ́lẹ̀, ó sì tún ń gbé orí lọ láti páànù kan sí èkejì. Ààrá sán lọ́nà jíjìn. "Kúrò níwájú oòrùn, àbúrò."

Mo kúrò.